Ọjọ́bọ̀ Tí A Kò Ṣe Ìpàdé ní Ìdànrè

  

Ọ̀rọ̀ ìsinmi ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lóṣù yìí. Orúkọ dáradára ni àwọn bàbá wa nínú ìgbàgbọ́ fún ọjọ́ kìn-ín-ní ọ̀sẹ̀; wọ́n pè é ní Ọjọ́ Ìsinmi. Ṣùgbọ́n ẹ bi olórí akọrin bóyá ó sinmi lọ́jọ́ náà. Ẹ bi àwọn arákùnrin tí ń darí ọkọ̀ ní ẹnu géètì ìjọ. Ẹ bi ìyá tí ó jí ní agogo mẹ́rin òwúrọ̀, tí ó wẹ ọmọ mẹ́rin, tí ó se ìrẹsì sílẹ̀, tí ó tún sáré wá kọ́ ọmọ ẹlòmíràn ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Wọn yóò rẹ́rìn-ín fún yín. Bí mo bá bi ìyàwó tèmi, kò dá mi lójú pé yóò rẹ́rìn-ín.

Àdúgbò tí Olúwa fi wá sí náà kò mọ ohun tí ń jẹ́ ìsinmi. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Òṣòdì, Máfolúkù, Ìsọlọ̀, Òkè-Àfà àti Ìlasamàjà mọ̀ ọ́n ju bí mo ti lè sọ ọ́ lọ. Kí àkùkọ tó kọ ni àwọn kọ̀ndọ́kítọ̀ ti ń pariwo. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ọjà Aswani ń ná, àwọn arábìnrin wa mìíràn ti wà níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọkọ̀ ńlá tí ń ti èbúté Àpápá bọ̀ kò mọ òru yàtọ̀ sí ọ̀sán. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009, ìjọba Gómìnà Fáṣọlá kó àwọn àtẹ àti ìsọ̀ tí ó ti dí ojú títì Òṣòdì pa kúrò níbẹ̀, a sì dúpẹ́. Ní ọdún 2019 wọ́n ṣí ibùdókọ̀ alájà ńlá tí ó wà níbẹ̀ lónìí, a tún dúpẹ́. Ọ̀nà gbòòrò ju ti àtijọ́ lọ. Àwọn tí ń sáré lójú ọ̀nà náà kò tíì dẹ ẹsẹ̀.

Àwọn ènìyàn tí mò ń ṣe olùṣọ́-àgùntàn fún nìyẹn. Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀ka ìyìnrere ìjọ wa ń ṣètò ìrìn-àjò ọlọ́jọ́ mẹ́sàn-án ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, mo fi ọjọ́ kan sílẹ̀ lófìfo nínú ìwé ètò. A ó wàásù ní Ilé-Ifẹ̀, ní Iléṣà àti ní Àkúrẹ́. A ó sùn ní Ìdànrè ní alẹ́ Ọjọ́rú. Ní Ọjọ́ Ẹtì a ó kọjá sí Ọ̀wọ̀ àti Ìkàrẹ́. Ní ẹ̀gbẹ́ Ọjọ́bọ̀, mo kọ Ìdànrè, n kò sì kọ ohunkóhun sí iwájú rẹ̀.

Àwọn ìgbìmọ̀ rò pé akọ̀wé gbàgbé láti tẹ ìwé náà parí ni. Bàbá àgbà kan gbé jígí ojú rẹ̀ wọ̀, ó ní, “Pásítọ̀, Ọjọ́bọ̀ ńkọ́?” Mo ní, “Bàbá, a ó sinmi.” Ó ní, “Lẹ́yìn ìsinmi ńkọ́?” Mo ní a ó tún sinmi díẹ̀ sí i.

Ẹ má rò pé àtakò tí wọ́n ṣe kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ìdí kìn-ín-ní ni owó. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún náà ni Ààrẹ tuntun kéde pé ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Lítà epo bẹntiróòlù tí kò tó 200 náírà ní Èkó ti lé ní 550 kí a tó gbéra. Wọ́n ní kí ni a fi ń ná irú owó epo bẹ́ẹ̀ dé ìlú kan, tí a kò ní jèrè ọkàn kan níbẹ̀? Ìdí kejì wọlé lọ́kàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní orí òkè ni Ìdànrè wà. Láàrin àwa tí a mọ agbára àdúrà, ta ni ó ń lọ sí orí òkè láti sùn? Bí ẹnì kan nínú ìjọ bá sọ pé òun ń lọ sí orí òkè, ohun tí gbogbo wa gbọ́ ni ààwẹ̀. Ẹni náà yóò gbé Bíbélì, òróró àti omi dání, yóò sì padà wálé pẹ̀lú ohùn tí ó ti há.

Mo bọ̀wọ̀ fún àtakò kejì yìí, nítorí orí òkè ni Ọlọ́run ti pàdé ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa. Ṣùgbọ́n mo sọ fún wọn pé kí a ka ìwé Àwọn Ọba Kìn-ín-ní, orí 19, láti òkè wá, kí a má ṣe bẹ̀rẹ̀ ní ibi tí ìjì àti iná wà. Elijah ti ṣe iṣẹ́ ńlá ní Kámẹ́lì. Ó rẹ̀ ẹ́ débi pé ó ń tọrọ ikú lábẹ́ igi nínú aginjù. Áńgẹ́lì tí Ọlọ́run rán kò wàásù sí i. Ó fi ọwọ́ kàn án, ó ní kí ó dìde jẹun. Elijah jẹ àkàrà, ó mu omi, ó tún dùbúlẹ̀. Áńgẹ́lì náà kò bá a wí pé ó ń sùn jù. Ó padà wá lẹ́ẹ̀kejì, ó tún fún un ní oúnjẹ, ó ní nítorí pé ọ̀nà náà jìn fún un. Kí Elijah tó gun òkè Hórébù tí ó ti gbọ́ ohùn jẹ́jẹ́ nì, oorun àti oúnjẹ ni Ọlọ́run kọ́kọ́ fún un.

Bàbá àgbà náà kì í ṣe ẹni tí a ń fi ẹsẹ Bíbélì kan ṣoṣo dá dúró. Ó ní òun mọ̀ pé n óò tún lọ sí Máàkù orí 6. Òótọ́ ni, ibẹ̀ ni mò ń lọ. Ibẹ̀ ni Jésù ti rí i pé àwọn tí ń wá àti àwọn tí ń lọ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn kò ráyè jẹun (bí Òṣòdì gan-an ni ibẹ̀ rí), tí ó sì ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn lọ sí ibi tí ó dákẹ́ láti sinmi díẹ̀. Bàbá ní, “Pásítọ̀, ẹ kà á síwájú. Àwọn èrò náà bá wọn níbẹ̀. Jésù sì dìde, ó kọ́ wọn, ó bọ́ wọn.” Gbogbo ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Bàbá, bí èrò bá bá wa ní Ìdànrè, n óò dìde wàásù. Ṣùgbọ́n a kò ní tẹ pósítà láti fi pè wọ́n.” Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe parí nìyẹn.

Àwa 12 ni a lọ, bí iye àwọn àpọ́sítélì. A sì gbàdúrà kí Júdásì má ṣe sí láàrin wa. Bọ́ọ̀sì elérò 18 ti ìjọ ni a gbé. A yọ àga ẹ̀yìn kúrò, a kó ẹrù sí i: ẹní, ìrọ̀rí, gáàsì kékeré, ìkòkò mẹ́ta, kúlà, jẹ́ríkàn omi, ẹ̀rọ gbohùngbohùn àti páálí ìwé ìléwọ́. A fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ pé ilé ni a gbé sórí táyà. Arákùnrin kan láàrin wa tí ó ti gbé Amẹ́ríkà rí sọ fún wa lójú ọ̀nà pé àwọn ènìyàn ibẹ̀ ní ọkọ̀ tí ibùsùn, ibi ìdáná àti ilé ìwẹ̀ wà nínú rẹ̀, pàápàá àwọn tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Wọn a máa wà á láti ìpínlẹ̀ kan dé òmíràn. Bí wọ́n bá ti rin ọjọ́ mélòó kan, wọn a wá ìlú kékeré kan láàrin òkè, wọn a fi ọkọ̀ dúró, wọn a fọ aṣọ, wọn a yẹ táyà wò, wọn a sì gbé àga síta jókòó. Ìyá tí ó ń bójú tó oúnjẹ wa béèrè pé ta ni ó ń se oúnjẹ ní ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Arákùnrin náà ronú díẹ̀, ó ní òun kò wò ó dé ibẹ̀. Ẹ fi ìbéèrè ìyá náà sọ́kàn. N óò padà sórí rẹ̀.

Lẹ́yìn tí a kúrò ní Iléṣà tí a dojú kọ Àkúrẹ́, a kọjá ní Ìkéjì-Arákejì. Mo ní kí awakọ̀ dúró, kí àwọn ọ̀dọ́ lè sọ̀ kalẹ̀ wo ilẹ̀ náà. Ní ojú ọ̀nà yẹn, ní ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún 1928, ni Ọlọ́run ti pe Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 24 láti Odò-Ọwá, tí ó ń wa ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ ọ̀nà fún ẹ̀ka iṣẹ́ òde ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀rọ náà dúró, kò ṣiṣẹ́ mọ́, ohùn Olúwa sì tọ̀ ọ́ wá pé kí ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 1930, ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooye ní Iléṣà nípasẹ̀ rẹ̀. Ọdún 1959 ni ó sùn nínú Olúwa. Yunifásítì tí ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi dá sílẹ̀ ní ọdún 2006 ní ìlú náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ọ̀dọ́ kan bi mí pé kí ni ó bàjẹ́ lára ẹ̀rọ náà. Kí n tó dáhùn, awakọ̀ wa ní, “Kò sí ohun tí ó bàjẹ́. Ó dúró ni.” N kò rí nǹkan fi kún un.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe àpèjúwe Ìdànrè fún ẹ̀yin tí ẹ kò tíì débẹ̀ rí. Ó súnmọ́ Àkúrẹ́, kò tó ìrìn wákàtí kan. Bí ẹ ti ń súnmọ́ ọn, àwọn àpáta ńláńlá yóò bẹ̀rẹ̀ sí yọ lókè igi, dúdú, bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀, bí ẹ̀yìn erin tí ń mu omi. Ìlú náà wà ní ìsàlẹ̀ wọn, òrùlé páànù lẹ́bàá òrùlé páànù, oko kòkó sì yí i ká. Láàárọ̀, ìkùukùu a máa sọ̀ kalẹ̀ bo àwọn àpáta náà lórí títí di nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án. Ní ìgbà òjò bí ti oṣù kẹjọ, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù débi pé àwọn ará Ìsọlọ̀ tí wọ́n ti mọ́ ooru lára ń wá aṣọ òtútù.

Àwọn ará Ìdànrè kò gbé ìsàlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Orí òkè gan-an ni ìlú wọn wà fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún. Ọdún 1923 ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá sí ibi tí wọ́n wà báyìí. Ààfin Ọwá ti àtijọ́, ilé ẹjọ́ àti ilé ẹ̀kọ́ ṣì wà lókè níbẹ̀. Láti ọdún 2007 ni orúkọ òkè náà ti wà nínú ìwé àwọn ibi tí orílẹ̀-èdè wa fẹ́ kí àjọ UNESCO gbà gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé. Àtẹ̀gùn tí a fi ń gùn ún lé ní 600, ṣùgbọ́n ohun tí ó mú mi lọ́kàn jù ni pé wọ́n ṣe ibi ìsinmi márùn-ún sí ojú àtẹ̀gùn náà. Àwọn tí wọ́n ṣe àtẹ̀gùn náà mọ̀ pé ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni yóò gùn ún. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, a gbàdúrà fún ìṣẹ́jú 15 péré ní ilé àlejò tí a wọ̀ sí. Mo sọ òfin ọjọ́ náà: kò sí ìpàdé, kò sí ìdánrawò orin, kò sí ẹni tí yóò fọ aṣọ fún ọkùnrin tí ó ní ọwọ́ méjì. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni ó le jù fún àwọn kan. Díákónì kan wà níbẹ̀ tí kò fọ ṣẹ́ẹ̀tì láti ìgbà tí ó ti gbéyàwó. Ó fi ọṣẹ púpọ̀ ṣòfò, ṣùgbọ́n ṣẹ́ẹ̀tì náà mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ mú afinimọ̀nà, wọ́n gun òkè. Mo bá wọn lọ dé ibi ìsinmi kejì. Orúnkún mi sọ̀rọ̀ sí mi níbẹ̀, mo sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

Awakọ̀ wa ń sùn. Ó ti wà lẹ́yìn ọwọ́ ọkọ̀ láti ọjọ́ Sátidé. Mo ní kí wọ́n gbé ẹní rẹ̀ sí yàrá ẹ̀yìn tí ariwo kò dé, kí ẹnikẹ́ni má sì pè é fún ohunkóhun. Agogo kan ọ̀sán kọjá, kò tíì jí. Ẹ̀rù fẹ́ ba àwọn kan. Wọ́n ní ṣé kí a lọ wò ó. Ìyàwó mi lọ fetí sí ẹnu ìlẹ̀kùn, ó ní ó ń han oorun dáadáa.

Ọ̀rọ̀ ìyá tí ó ń bójú tó oúnjẹ ni ó gba àkókò mi jù lọ́jọ́ náà. Bí mo ti sọ tó pé kí ẹnikẹ́ni má dáná, agogo mẹ́fà kò tíì lù tí mo fi bá a lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú ọ̀bẹ àti iṣu. Mo ní, “Màmá, a sọ pé a ó ra oúnjẹ lónìí.” Ó ní, “Ẹ máa rà á, Pásítọ̀. Mo kàn ń bẹ́ díẹ̀ sílẹ̀ ni.” Ìyàwó mi wá gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá jókòó sórí pèpéle, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó sì ń wò wọ́n bí ẹni pé ọwọ́ àlejò ni wọ́n. Nígbà tí ó yá, ó ní òun kò rántí ọjọ́ tí òun jí tí kò sí ohun tí òun máa sè fún ẹnikẹ́ni. Ó ti lé ní 30 ọdún tí ó ti lọ́kọ. Ó ti bá ìjọ lọ sí ìrìn-àjò púpọ̀, sí àpéjọ àti sí àgọ́ àdúrà, ẹ̀yìn ìkòkò ni ó sì máa ń wà nígbà tí àwọn yòókù ń jẹ ìgbádùn ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Kò fi í ṣe ẹjọ́. Ó sọ ọ́ bí ènìyàn ti í sọ iye ọmọ tí ó bí.

A ra iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ obìnrin kan ní òpópónà. Màmá jẹ tirẹ̀ tán, ó ní iyọ̀ inú ọbẹ̀ náà ti pọ̀ díẹ̀. Inú mi dùn láti gbọ́ ọ. Ẹni tí ó ti rí àyè jókòó jẹun dé ibi tí ó fi lè rí àlèébù ọbẹ̀ ti ń sinmi nìyẹn.

Èrò tí bàbá àgbà sọ tẹ́lẹ̀ dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkùnrin kan ṣoṣo ni. Ó rí nọ́ńbà Èkó lára ọkọ̀ wa, ó yà kí wa. Àgbẹ̀ kòkó ni. Ó jókòó tì wá, ó ń sọ bí òjò ti ń mú kí kòkó rà dúdú lórí igi, àti bí oògùn tí wọ́n ń fọ́n sí i ti wọ́n tó. Òun kò bi wá nípa ìjọ wa, àwa náà kò fún un ní ìwé ìléwọ́. Nígbà tí ó fẹ́ máa lọ ni ó wá bi mí bóyá pásítọ̀ ni mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ọmọbìnrin òun kan kò bá òun sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọdún méjì, ó sì ní Èkó ni ó wà. A dá ọwọ́ pọ̀, a gbàdúrà. Ó sunkún. Bí a bá ti gbé gbohùngbohùn sí ojúde, n kò rò pé ọkùnrin yìí ì bá jókòó fún wákàtí kan kí ó tó dé orí ohun tí ó wà ní ọkàn rẹ̀.

Ní alẹ́, iná ìjọba kò sí, òṣùpá sì mọ́lẹ̀ sórí àpáta. Awakọ̀ wa ti jí, ó ti wẹ̀, ojú rẹ̀ mọ́. Òun ni ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ó ní kí òun tó wá sí ìjọ wa, òun wa ọkọ̀ akérò fún ọlọ́kọ̀ kan fún ọ̀pọ̀ ọdún, òru ni òun sì máa ń rìn. Ní òru ọjọ́ kan, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, òun sùn lọ pẹ̀lú ojú líla. Ìró òkúta wẹ́wẹ́ lábẹ́ táyà ni ó ta òun jí. Ọkọ̀ ti ń kúrò lójú ọ̀nà. Òun yí i padà. Kò sí èrò kan nínú ọkọ̀ tí ó mọ̀. Ìyá ẹlẹ́rù kan lẹ́yìn kàn ní kí òun rọra ni. Ó ní gbogbo ènìyàn ni ó máa ń bi òun kí wọ́n tó gbéra bóyá a ti gbàdúrà, wọn yóò sì gbà á tòótọ́, wọn yóò fi ẹ̀jẹ̀ Jésù bo ọ̀nà. Kò sí ẹni tí ó bi òun rí bóyá òun ti sùn.

Ará, a dákẹ́. Mo rí i tí díákónì kan wo ilẹ̀.

Mo gba agbára ẹ̀jẹ̀ Jésù gbọ́, mo sì ń fi bo ọ̀nà kí n tó kúrò ní Ìsọlọ̀. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kan náà tí ó ni ẹ̀jẹ̀ náà ni ó dá oorun. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní ọdún 1978, ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà mọ iye ìdílé tí ó ti ṣọ̀fọ̀ lórí rẹ̀. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1988 kì í yé kọ́ àwọn awakọ̀ pé bí wọ́n bá ti wakọ̀ fún wákàtí mẹ́rin, kí wọ́n dúró sinmi. Àwa nínú ìjọ a máa mú awakọ̀ wá sí àìsùn, a ó ní kí ó pàtẹ́wọ́ dé agogo márùn-ún ìdájí, a ó sì ní kí ó gbé wa lọ sí ìsìnkú ní agogo mẹ́fà. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Awakọ̀ ìjọ kò sì lè sọ̀rọ̀, nítorí wọn yóò ní kò ní iná ẹ̀mí.

Ibi tí òfin kẹrin ti bá wa wí nìyí. Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ pé Ọlọ́run pàṣẹ ìsinmi. Ẹ ṣí Ẹ́kísódù orí 20, ẹsẹ 10, kí ẹ ka àwọn tí ó dárúkọ: ìwọ, ọmọ rẹ ọkùnrin, ọmọ rẹ obìnrin, ìránṣẹ́ rẹ ọkùnrin, ìránṣẹ́ rẹ obìnrin, ẹran ọ̀sìn rẹ, àti àlejò tí ó wà nínú ibodè rẹ. Ọlọ́run kò sọ pé kí baálé ilé sinmi kí àwọn yòókù máa sìn ín. Ìwé Diutarónómì orí 5 tilẹ̀ fi ìdí rẹ̀ hàn: kí ìránṣẹ́ lè sinmi gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá rẹ̀, nítorí ẹrú ni gbogbo yín ní Íjíbítì. Arákùnrin kan bi mí pé kí ló dé tí a kò dárúkọ ìyàwó níbẹ̀. Mo ní inú “ìwọ” ni ó wà, nítorí ara kan ni yín. Bí ìdajì ara rẹ bá wà nídìí ààrò, ìwọ kò tíì sinmi.

Nítorí náà, ìbéèrè tí ìyá yẹn bi arákùnrin tí ó ti Amẹ́ríkà dé ni kí a máa bi ara wa nínú ilé. Ta ni ó ń se oúnjẹ ní ọjọ́ ìsinmi wa? Ọmọbìnrin wo ni ó ń fọ àwo nígbà tí a ń wo bọ́ọ̀lù? Mo mọ̀ pé àwọn arábìnrin wa tí ń ta ọjà yóò sọ pé bí àwọn kò bá jáde ní Sátidé, owó ilé kò ní pé. Wọ́n ti sọ ọ́ fún mi lójúkojú, n kò sì bá wọn jiyàn. N kò gbé òfin kalẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ìdílé kan ní Òkè-Àfà bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí agbára wọn mọ: ní ọ̀sán Ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìjọ, wọn kì í dáná. Ẹ̀wà àgànyìn àti búrẹ́dì ni wọ́n ń jẹ (obìnrin tí ń ta á ní ọjọ́ tirẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀, mo béèrè). Bàbá ni ó ń fọ àwo. Fóònù gbogbo ilé wà nínú dúrọ́ọ̀ títí di agogo mẹ́fà. Ìyá ilé náà sọ fún ìyàwó mi pé lọ́sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, òun kàn ń sunkún láìnídìí ni. Lẹ́yìn náà, òun bẹ̀rẹ̀ sí sùn.

Ìgbìmọ̀ ìyìnrere ti fọwọ́ sí i pé awakọ̀ méjì ni yóò máa wà nínú gbogbo ìrìn-àjò tí ó bá ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, àti pé ẹni tí yóò wakọ̀ lówùúrọ̀ kò gbọdọ̀ wá sí àìsùn ní òru tí ó ṣáájú. Akọ̀wé ni yóò máa bi í léèrè kí a tó gbéra, ní ojú gbogbo èrò, bóyá ó ti sùn, lẹ́yìn náà ni a ó gbàdúrà. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ bá wa lọ ní ìgbà tí ó ń bọ̀, ẹ fi orúkọ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ mú ẹní, aṣọ òtútù àti ọṣẹ ìfọṣọ tiyín dání, ẹ̀yin ọkùnrin pàápàá.